Ta Ló Ń San Owó Ìgbéga? Àyẹ̀wò Àwọn Olùkọ́ Láti Òfuurufú Nínú Ìtàn Àròsọ Onísáyẹ́ǹsì

Ìfáàrà

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó nínú ìjọ wa láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ti wo fíìmù lálẹ́ Sátidé. Lára ohun tí wọ́n ń wò ni oríṣi ìtàn kan tó ti ń tàn káàkiri láti ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún. Ìtàn náà máa ń lọ báyìí: ọmọ ènìyàn kò dá rìn dé ibi tó wà. Àwọn ẹ̀dá kan tó gbọ́n jù wá lọ, tí ibùgbé wọn wà láàárín àwọn ìràwọ̀, ti ń ṣọ́ wa láti ìgbà tí a kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Àwọn ló fi ọgbọ́n sí wa lórí. Àwọn ló ń darí ohun tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní ẹfolúṣọ̀n, tí wọ́n ń tì wá láti ìpele kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn náà ni yóò sì sọ wá di ohun tí a kò jẹ́ rí.

Èsì tí àwa oníwàásù sábà máa ń fún irú ìtàn yìí kò ju méjì lọ. Àwọn kan á ní iṣẹ́ èṣù ni, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Àwọn mìíràn á ní eré lásán ni, kò kan ẹ̀sìn. Èsì méjèèjì ló ń gbà wá sílẹ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ tó yẹ ká ṣe, ìyẹn ni pé ká ka ìtàn náà dáadáa. Ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ìyànfẹ́ wà níbẹ̀, ìtọ́jú láti òkè wà níbẹ̀, ìpaláradà wà níbẹ̀, òpin ayé pàápàá wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni kí n wo ọrùn àwọn olùkọ́ láti òfuurufú wọ̀nyí, kí n sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tí agbára tó ga ju ènìyàn lọ bá gbé ènìyàn ga, ta ló ń san owó ìgbéga náà? Mo gbà pé ìbéèrè yìí wọ inú ìtàn náà jinlẹ̀ ju àríyànjiyàn bóyá irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wà tàbí wọn kò sí. Mo sì gbà pé bí a bá fi òótọ́ béèrè rẹ̀, yóò yíjú padà sí àwa náà lórí pẹpẹ wa.

Òkúta tí kò sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Arthur C. Clarke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lo èyí tó pọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Sri Lanka. Ní 1948 ó kọ ìtàn kúkúrú kan, The Sentinel, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1951. Nínú rẹ̀, àwọn olùṣèwádìí rí ohun kan lórí òkè kan nínú òṣùpá, tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ìgbà tí wọ́n fọ́ ọ tán ni wọ́n tó mọ̀ pé agogo ìdágìrì ni: àwọn tó gbé e síbẹ̀ fẹ́ mọ ọjọ́ tí ọmọ ènìyàn yóò dàgbà tó láti rìn dé ibẹ̀. Láti inú irúgbìn yìí ni òun àti olùdarí fíìmù Stanley Kubrick ti mú 2001: A Space Odyssey jáde ní 1968, fíìmù àti ìwé lọ́dún kan náà.

Fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ ní aginjù, láàárín àwọn ẹ̀dá bí ìnàkí tí ebi ń pa, tí ẹkùn sì ń pa jẹ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan wọ́n jí, wọ́n rí òkúta dúdú gbọọrọ kan tó dúró ṣánṣán níwájú wọn. Wọ́n bẹ̀rù, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n fọwọ́ kàn án. Kò pẹ́ sí i, ọ̀kan nínú wọn mú egungun ẹran, ó sì rí i pé òun lè fi í fọ́ nǹkan. Ó fi í pa ẹran jẹ. Lẹ́yìn náà, níbi omi tí ẹgbẹ́ méjì ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ó fi í lu ẹ̀dá bíi tirẹ̀ pa. Ó ju egungun náà sókè, kí ó sì tó balẹ̀, fíìmù ti fo ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún kọjá, ọkọ̀ òfuurufú la ń wò. Òkúta dúdú mìíràn wà lórí òṣùpá, òmíràn tún wà lọ́nà jíjìn lẹ́bàá pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter. Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Bowman gba ibẹ̀ kọjá, ó darúgbó nínú yàrá àjèjì kan, a sì tún un bí gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó léfòó nínú òfuurufú, tó ń wo ayé láti òkè.

Ẹ kíyè sí ohun tí òkúta náà kò ṣe. Kò sọ̀rọ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Kò ṣe ìlérí, kò fi òfin lélẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú. Ọgbọ́n ìwá-oúnjẹ àti ọgbọ́n ìpànìyàn jáde láti inú ìfọwọ́kàn kan náà, òkúta náà kò sì sọ èyí tó dára nínú méjèèjì. Ẹni tí wọ́n lù pa níbi omi ló kọ́kọ́ san owó ìgbéga. A kò mọ orúkọ rẹ̀, fíìmù náà kò sì padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ìwé Mímọ́ náà fi ìpànìyàn sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ọmọ ènìyàn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Ọlọ́run dé síbi tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀, ó béèrè ibi tí àbúrò wà, ó sì jẹ́ kó yé apànìyàn pé òun gbọ́ igbe ẹ̀jẹ̀ náà láti inú ilẹ̀ (Gẹ́nẹ́sísì 4:9-10). Níbi omi tó wà nínú fíìmù yẹn, kò sí ẹni tó béèrè ohunkóhun. Agbára wà lókè, ṣùgbọ́n etí kò sí níbẹ̀.

Àwọn agbẹ̀bí tó yàgàn

Ìwé tí Clarke kọ ṣáájú fíìmù yìí, Childhood's End, tó jáde ní 1953, tún la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá wá dúró lójú sánmà lókè àwọn olú ìlú ayé. Àwọn tó wà nínú wọn, tí ìwé náà ń pè ní Overlord, fòpin sí ogun àti òṣì. Ọ̀gá wọn, Karellen, ń bá Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó rí ojú òun. Ó gbà wọ́n tó àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó fara han aráyé. Ìgbà tí Karellen jáde, ìwo wà lórí rẹ̀, ìyẹ́ wà léjìká rẹ̀, ìrù wà nídìí rẹ̀: àwòrán èṣù gẹ́lẹ́, bí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ṣe máa ń yà á.

Oníwàásù tó bá kígbe níbí pé òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ti kó sínú okùn tí Clarke dẹ sílẹ̀. Ìwé náà ti ní àlàyé tirẹ̀ nílẹ̀: pé ohun tí ọmọ ènìyàn rò pé òun ń rántí nípa èṣù, òjìji ọjọ́ iwájú ni, tó ta sẹ́yìn bá a nítorí pé àwọn wọ̀nyí ni yóò dúró ti òpin rẹ̀. Ìrísí wọn kọ́ ni ó yẹ ká fi dán wọn wò.

Ohun mìíràn wà nínú ìwé náà tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì fara balẹ̀ kà. Àwọn Overlord yá aráyé ní ẹ̀rọ kan tó ń fi ìgbà àtijọ́ hàn bí ẹni ń wo fíìmù. Àwọn ènìyàn fi í wo ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ẹ̀sìn wọn, ìgbàgbọ́ wọn sì yọ́ dànù láàárín àkókò kúkúrú. Irú ẹ̀sìn Buddha kan tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ nìkan ló kù. Ìwé náà sáré kọjá níbí. Ta ló ṣe ẹ̀rọ náà? Ta ló mú un wá? Ṣé kì í ṣe àwọn kan náà tí ọkọ̀ wọn ń bẹ lókè orí gbogbo ìlú? Nígbà tí alágbára bá mú ẹ̀rí wá nínú ẹjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ní èrè nínú rẹ̀, adájọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró díẹ̀. Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún àwọn ará Gálátíà pé bí áńgẹ́lì pàápàá bá gbé ìhìn mìíràn sọ̀kalẹ̀, ipò rẹ̀ kò sọ ọ́ di òtítọ́ (Gálátíà 1:8).

Nígbà tó yá, ìdí tí wọ́n fi wá hàn. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá àwọn ayé tó jìnnà, agbára àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lára wọn, wọn kò sì dá ìyá àti bàbá wọn mọ̀ mọ́. Ohun ńlá kan tí ìwé náà ń pè ní Overmind ni yóò gbà wọ́n sínú ara rẹ̀. Àwọn Overlord fúnra wọn kò lè wọ ibẹ̀ láé. Karellen fi ara wọn wé agbẹ̀bí tó yàgàn: wọ́n ń gbẹ̀bí fún ẹlòmíràn, wọn kò ní bímọ tiwọn. Àwọn òbí kò tún bímọ mọ́. Àwọn kan pa ara wọn. Ní erékùṣù kan tí àwọn ayàwòrán àti olórin tẹ̀ dó, wọ́n fọwọ́ ara wọn pa ibùdó náà run. Ọkùnrin kan ṣoṣo, Jan Rodricks, ló kù láti wo bí àwọn ọmọ náà ṣe tú ilẹ̀ ayé ká kí wọ́n tó lọ.

Ta ló san owó ìgbéga yìí? Àwọn òbí fi ọmọ san án. Àwọn ọmọ fi orúkọ àti ojú ara wọn san án. Àwọn Overlord náà fi ìrètí tí wọn kò ní san tiwọn. Ẹni kan ṣoṣo tí kò san kọ́bọ̀ ni Overmind, tó jẹ́ pé òun ló jèrè gbogbo rẹ̀. Kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin.

Ẹ̀tọ́ Clarke

Ó yẹ ká fún ọkùnrin yìí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Clarke kì í ṣe onígbàgbọ́. Ó fi àṣẹ sílẹ̀ kó tó kú ní 2008 pé kí wọ́n má ṣe ètò ẹ̀sìn kankan níbi ìsìnkú òun. Síbẹ̀, nígbà tó fẹ́ sọ ibi tí ọmọ ènìyàn ń lọ, kò lè sọ ọ́ láìfi ẹnì kan sókè. Ó sì mọ̀ pé ìrọ̀rùn nìkan kò tó ènìyàn. Nínú Childhood's End, ìgbà tí ogun àti ebi tán ni ìmísí àwọn oníṣẹ́ ọnà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ó yẹ kí oníwàásù tí ìwàásù rẹ̀ kò kọjá ilé, mọ́tò àti ìsinmi ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Clarke tún kọ ọ́ síwájú ìwé náà nígbà tó kọ́kọ́ jáde pé èrò inú rẹ̀ kì í ṣe èrò òǹkọ̀wé. Lójú mi, ẹni tó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú ìwé ara rẹ̀ mọ̀ pé iye tí ìtàn òun bù lé ènìyàn lórí ti wọ́n jù. C. S. Lewis, tó jẹ́ Kristẹni pọ́ńbélé, ka ìwé yìí lọ́dún tó jáde, ó sì yìn ín gidigidi nínú lẹ́tà kan. Àwa náà lè yìn ín, ká sì tún bi í léèrè.

Áńgẹ́lì tó dúró gba èsì

Octavia Butler, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní California ní 1947, tí wọ́n sì tọ́ dàgbà nínú ilé Onítẹ̀bọmi, gba ìtàn kan náà, ó sì yí i padà kí a lè wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń san owó. Nínú Dawn, tó jáde ní 1987, ogun átọ́míìkì ti ba ayé jẹ́. Àwọn ẹ̀dá kan tí wọ́n ń pè ní Oankali kó àwọn tó kù là. Lilith, obìnrin tí ìtàn náà dá lé, jí nínú ọkọ̀ wọn, ó sì rí i pé wọ́n ti wo jẹjẹrẹ ara òun sàn láìbéèrè. Oore ni, àbí? Ṣùgbọ́n oore náà ní iye. Oníṣòwò ni àwọn Oankali. Ohun tí wọ́n ń tà tí wọ́n sì ń rà ni ohun àjogúnbá inú ara. Wọ́n ní àbùkù kan wà nínú wa, pé a gbọ́n, a sì tún fẹ́ràn láti máa gun orí ara wa, àwọn yóò sì tún un ṣe nípa dída ẹ̀jẹ̀ wa pọ̀ mọ́ tiwọn. Wọ́n ti ṣe é kí ẹnikẹ́ni má lè bímọ mọ́ àyàfi nípasẹ̀ wọn. Ní ìparí ìwé náà, Lilith lóyún. Kò sọ pé òun fẹ́. Ẹni tó fi oyún náà sí i nínú ní òun mọ ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ju ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ lọ.

Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Lúùkù orí kìn-ín-ní. Níbẹ̀ náà, ẹ̀dá láti òkè tọ obìnrin kan wá nípa oyún tí yóò yí ìran ènìyàn padà. Ó pe orúkọ rẹ̀. Ó rí ìbẹ̀rù rẹ̀, ó sì dáhùn sí i. Obìnrin náà béèrè bí yóò ṣe ṣeé ṣe, wọn kò sì bá a wí nítorí ìbéèrè. Ìgbà tó fẹnu ara rẹ̀ gbà ni áńgẹ́lì náà tó lọ (Lúùkù 1:38). Ọlọ́run tó dá ọ̀run àti ayé dúró gba èsì lẹ́nu ọmọbìnrin ìlú kékeré kan. Àwọn Oankali kò dúró. Inú rere wọn kò sí nínú àríyànjiyàn, àmọ́ inú rere tí kò gba kí ẹni tí a ń ṣe lóore sọ pé rárá ti fi ẹsẹ̀ kan wọ oko ẹrú. Butler, tó kọ Kindred nípa ìgbà oko ẹrú ní 1979, mọ ọ̀nà náà dáadáa.

Nínú ìwé kejì, Adulthood Rites, tó jáde ní 1988, Lilith bí ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ènìyàn, tó tún jẹ́ Oankali. Akin ni orúkọ rẹ̀, orúkọ Yorùbá tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ yìí gbé láàárín àwọn tó kọ̀ láti dara pọ̀, ó rí ìbànújẹ́ wọn, ó sì gba ẹjọ́ wọn rò níwájú àwọn Oankali títí wọ́n fi gbà kí àwọn tó bá fẹ́ lọ máa gbé lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, kí wọ́n sì tún máa bímọ tiwọn. Alárinà ni. Ó mọ ìhà méjèèjì láti inú ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka Hébérù orí kejì yóò mọ ìdí tí apá yìí fi ń múni lọ́kàn: aráyé nílò alágbàwí tó ní ara bíi tiwa.

Ìdáhùn tó ti wà nílẹ̀

Kí Clarke tó kọ Childhood's End ni Lewis ti rí ibi tí èrò yìí ń lọ, nínú àwọn ìwé Olaf Stapledon àti àwọn mìíràn tí wọ́n ń sọ pé ọmọ ènìyàn yóò máa ga sí i títí yóò fi gba gbogbo ìràwọ̀. Nínú That Hideous Strength, tó jáde ní 1945, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń gba ìtọ́ni lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀dá àìrí tó ga ju ènìyàn lọ kí wọ́n lè tún ìran ènìyàn dá. Ẹ̀mí burúkú sì ni àwọn ẹ̀dá náà. Àwa Pẹ́ńtíkọ́sì máa ń yára gba ìdáhùn yẹn, nítorí a mọ ẹ̀mí, a sì mọ̀ pé ó yẹ ká dán an wò.

Mo rò pé Lewis ní ìdáhùn kan tó tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú Out of the Silent Planet ti 1938. Weston, onísáyẹ́ǹsì inú ìwé náà, ní òun fẹ́ràn ìran ènìyàn débi pé òun yóò gbé e dé gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì. Nítorí ìfẹ́ yìí, ó jí ẹnì kan gbé, ọ̀gbẹ́ni Ransom, láti fà á lé àwọn ẹ̀dá ayé mìíràn lọ́wọ́, níbi tó rò pé wọn yóò ti fi í rúbọ. Ó fẹ́ràn ìran ènìyàn, kò sì rí ènìyàn tó jókòó níwájú rẹ̀. Èyí ni àmì tí a fi ń mọ olùkọ́ èké, ì báà ti òfuurufú wá, ì báà ti àdúgbò wa wá.

Àtakò kan

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ronú yóò dìde níbí, yóò ní: Ọ̀gá, ṣé Ọlọ́run Bíbélì náà kò yan àwọn kan? Ṣé ìkún omi kò pa ọ̀pọ̀ ènìyàn kí àwọn díẹ̀ lè la á já? Àtakò gidi ni, kò sì yẹ ká fi orin bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo rí sọ. Lákọ̀ọ́kọ́, Ọlọ́run Bíbélì gba kí a bá òun jiyàn. Ábúráhámù bá a dúnàádúrà lórí Sódómù láti àádọ́ta olódodo dé mẹ́wàá (Gẹ́nẹ́sísì 18). Mósè ní kí ó pa orúkọ òun rẹ́ bí kò bá ní dárí ji àwọn ènìyàn náà (Ẹ́kísódù 32:32). Hábákúkù fẹjọ́ sùn, wọ́n sì kọ ẹjọ́ tó fi sùn náà sínú Ìwé Mímọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ṣáájú ìkún omi, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí a gbọ́ nípa ọkàn Ọlọ́run ni pé ó bà á nínú jẹ́ (Gẹ́nẹ́sísì 6:6). Ìbànújẹ́ nìkan kò yanjú ọ̀ràn, mo gbà. Karellen pàápàá káàánú aráyé. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kẹta fi ṣe pàtàkì jù: adájọ́ náà sọ̀kalẹ̀ wá sábẹ́ ìdájọ́ fúnra rẹ̀. Ó pín nínú ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ (Hébérù 2:14). Ó jẹ́ ọlọ́rọ̀, ó sì di òtòṣì nítorí wa (2 Kọ́ríńtì 8:9). Àwọn ibi tó ṣòro nínú Májẹ̀mú Láéláé ṣì ṣòro, àmọ́ orí àgbélébùú la ti mọ irú ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. Kò sí Overmind tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó sì jíǹde nínú ògo, ojú ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Tómásì sì rí i (Jòhánù 20:27). Ọmọ tó léfòó ní ìparí 2001 kò ní àpá kankan lára. Ara rẹ̀ ń dán. Nínú ìran Jòhánù, ẹni tó wà láàárín ìtẹ́ ní àmì ẹni tí wọ́n ti pa (Ìfihàn 5:6). Àpá yẹn ni ìwé ẹ̀rí pé a ti san owó, àti pé ẹni tó gbé wa ga ló san án.

Òkúta dúdú nínú ìjọ

Ibi tí ìbéèrè náà ti kàn wá gan-an ni mo dé yìí. Nnedi Okorafor, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, kọ Lagoon ní 2014. Ìlú Èkó ni àwọn àjèjì balẹ̀ sí nínú rẹ̀, inú òkun lẹ́bàá Bar Beach. Aṣojú wọn gba orúkọ Yorùbá, Ayodele. Oníwàásù kan wà nínú ìwé náà, Father Oke. Ìgbà tó gbọ́ nípa àlejò yìí, ohun tó rò ni bí yóò ṣe mú un wọ ìjọ kí èrò lè pọ̀ sí i. Ó tún gbá obìnrin kan létí. Ayodele ní tirẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà ti lù ú bí ẹni máa kú, sọ ara rẹ̀ di ìkùukùu tí àwọn ará Èkó fà símú, tí wọ́n sì fi yí padà.

Inú lè bí wa sí àwòrán yẹn, mo sì mọ àwọn àlùfáà tí inú bí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìwé náà ní ìbéèrè wa. Ta ló san owó ìgbéga? Àjèjì náà ló san án nínú ara tirẹ̀. Oníwàásù ló ń wá èrè. Kò ní di Kristi nítorí ìyẹn, nítorí kò ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ó yẹ kó jó wa lára pé òǹkọ̀wé kan wo ìlú tí ìjọ pọ̀ sí bẹ́ẹ̀, ó wá ẹni tó ń fi ara rẹ̀ fúnni, kò sì fi iṣẹ́ náà lé oníwàásù lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìpele rẹ ń yí padà. O ń bọ́ sí ibi gíga. Fọwọ́ kan aṣọ yìí, lẹ sítíkà yìí mọ́ ilẹ̀kùn, fi òróró yìí pa ojú. Ọmọ Pẹ́ńtíkọ́sì ni mí. Mo gba Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19:12 gbọ́ bó ṣe wà níbẹ̀. Àmọ́ mo tún gba 2 Àwọn Ọba 18:4 gbọ́, níbi tí Hesekáyà ti fọ́ ejò idẹ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ní kí Mósè ṣe, nítorí àwọn ènìyàn ti ń sun tùràrí sí i. Ohun tí a bá ń fọwọ́ kàn fún agbára, tí kò pè wá lórúkọ, tí kò béèrè arákùnrin wa lọ́wọ́ wa, òkúta dúdú ni, ì báà jẹ́ olórí ìjọ ló gbé e kalẹ̀. Símónì fẹ́ ra agbára láìfẹ́ Ẹni tó ni ín (Ìṣe 8:18-19), ó sì ti ṣe ìtẹ̀bọmi kó tó béèrè.

Ẹ tún wo àwọn tí ìgbéga kò kàn. Obìnrin tó ti ń retí ọmọ láti ọdún mẹ́wàá jókòó sí ìlà kẹta. Ọkùnrin tó pàdánù iṣẹ́ dúró lẹ́yìn nítorí kò ní ohun tí yóò fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pe àwọn tí yóò fúnrúgbìn ìgbéga. Bí a bá ń kọ́ wọn pé ìgbàgbọ́ wọn ni kò tó, a ti sọ wọ́n di àwọn òbí inú ìwé Clarke: àwọn tí ọkọ̀ ògo gbéra tí wọ́n kù sílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó wẹ̀yìn wò wọ́n. Bí owó ilé ìwé ọmọ opó bá sì wọ inú àpò tí a fi gbé oníwàásù ga, ìdáhùn sí ìbéèrè wa kò tún pamọ́ mọ́. Opó náà ló ń san án.

Ìparí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ń lọ bójú tó àwọn ọ̀dọ́, ẹ má sá fún fíìmù wọ̀nyí. Ẹ bá wọn wò ó. Nígbà tó bá parí, ẹ bi wọ́n: Ta ló sọ̀rọ̀, ta ló sì dákẹ́? Ta ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó yí i padà? Ta ló kù sílẹ̀? Ta ló san owó rẹ̀? Ọ̀dọ́ tó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí nípa òkúta dúdú yóò lè dáhùn wọn nípa wòlíì tó bá pe òun sí orí òkè pẹ̀lú.

Kí àwa náà tí a ń kọ́ wọn máa fi ìbéèrè kan náà wo ìwàásù wa ní alẹ́ Sátidé kí a tó gbé e lọ sórí pẹpẹ. Bí ìgbéga tí a fẹ́ wàásù rẹ̀ kò bá ní ojú ìṣó lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ sínú ilé, ká tún bẹ̀rẹ̀.